Ẹ̀rọ tí ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò tí mo fẹ́ dá padà ní Kétu

Mo ti dì í padà sínú páálí, mo gun ọ̀kadà zemidjan láti ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, inú fùfù ni mo bá wọ fámásì. "Ẹ gba ẹ̀rọ yín, ẹ dá owó mi padà. Irọ́ ló ń pa."

Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ní àtọ̀gbẹ, òwúrọ̀ kí n tó jẹun ni wọ́n ń yẹ ṣúgà mi wò lọ́sibítù. 1,14. 1,09. (Gíráàmù ṣúgà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan nìyẹn.) Wọ́n á ní mò ń gbìyànjú. Ọjọ́ kẹta tí mo ra ẹ̀rọ yìí, mo gún ìka lẹ́yìn wákàtí méjì tí mo mu ògì. Ó kọ 302, ìyẹn 3,02 bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé wa. Àyà mi já.

Ọkùnrin tó tà á fún mi kò tiẹ̀ gbójú sókè. Bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo rà á náà nìyẹn: ó gbowó, ó na páálí sí mi, kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá wá ra irú nǹkan báyìí, ẹ̀rù ti wà lára rẹ̀ kó tó wọlé.

Ọmọbìnrin kan ló jáde láti ẹ̀yìn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ fọwọ́ kàn kí ẹ tó gún ìka?"

Ọsàn ni mo bó fún ọmọ-ọmọ mi.

Ó mú mi lọ sídìí omi, ó fún mi ní ọṣẹ, ó ní kí n nu ìka kó gbẹ dáadáa, ó wá gún òmíràn. 238. Ó gún ìka tirẹ̀, ẹ̀rọ kan náà: 94. "Omi ọsàn ti fi kún ti àkọ́kọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò parọ́. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Ògì, hóró ṣúgà mẹ́rin, búrẹ́dì.

Mo jókòó. Ó ní ògì tí a ti sẹ́, tí èèrí rẹ̀ ti lọ, kì í pẹ́ dénú ẹ̀jẹ̀, kí ṣúgà àti búrẹ́dì tó tún gùn ún. Inú mi rọ̀.

Láti ìgbà náà, àkàrà ni mo ń kọ́kọ́ jẹ, kí n tó mu ààbọ̀ ife ògì láìsí ṣúgà. Mo ń ka wákàtí méjì láti òkèlè àkọ́kọ́: 1,71. Bí mo bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ: 1,58. Mo fi búrẹ́dì kún un lọ́jọ́ kan: 2,20. Dókítà ní kí n má jẹ́ kó kọjá 1,80. Òun ló wo ìwé mi tó yí oògùn mi padà, n kò dá a ṣe.

Bébà rẹ̀, èyí tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ lè kà á, ni ìyà. 10 péré ló bá a wá, 50 jẹ́ 12.000 sẹfà. Nígbà tó tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò rí i rà. Mo pe fámásì, ọkùnrin yẹn ní "kò sí", ó pa fóònù mọ́ mi létí. Ọmọ mi ló bá mi rà á wá láti Àjàṣẹ́, ìdérí agolo rẹ̀ ò sì dé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin ń ba bébà yẹn jẹ́. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ ṣe láìsí bébà?

Máàkì tí mo fún ẹ̀rọ náà: 5 nínú 5. Bébà mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ mi.