Abẹ́ ilé ṣíṣí tàbí abẹ́ ilé dídí: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ náwó lé e ní Georgia àti Carolina

Ẹni tó bá kọ́lé sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kì í ní abẹ́ ilé tí yóò máa ronú lé lórí. Wọ́n á gbé ìpìlẹ̀ dé ìwọ̀n, wọ́n á kó erùpẹ̀ kún un, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá, wọ́n á da kọnkéré lé e. German floor nìyẹn, ó parí. Ní Georgia níbí, àti ní Carolina méjèèjì, ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ilé sókè, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ yàrá, àyè olókùnkùn kan sì wà lábẹ́ pákó yẹn tó jẹ́ pé àyà lèèyàn máa ń fi fà wọ̀ ọ́. Crawl space ni wọ́n ń pè é. Èmi á máa pè é ní abẹ́ ilé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra ilé láìwo ibẹ̀ rárá. Èmi náà kò wò ó. Lóṣù Keje ọdún àkọ́kọ́, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní yàrá àlejò, bí òórùn aṣọ tí a ká sínú àpótí kó tó gbẹ. A fọ kápẹ́ẹ̀tì, òórùn kò lọ. Nígbà tí mo wá tan tọ́ọ̀ṣì, tí mo wọ abẹ́ ilé, omi ló ń kán láti ara páìpù ẹ̀rọ amúlétutù, tó, tó, tó, sórí ọ̀rá tí ẹnì kan ti tẹ́ síbẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rá náà ti ká kò, ilẹ̀ pupa sì hàn láàárín rẹ̀. Fáíbà tó dà bí òwú, tí wọ́n há sáàárín igi, ti mu omi, ó ti já, ó ń fì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ igi kan lára àwọn tó ru ilẹ̀ yàrá wa, ó wọnú bí ìgbà téèyàn tẹ iṣu tó ti ń rà.

Kọ́ńtírátọ̀ mẹ́ta ni mo pè. Owó tí wọ́n dá lé mi kò jọra, ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún mi náà kò jọra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ibi tí omi ti ń wá

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mí omi jáde. Ó lè gbẹ lójú, kéèyàn bù ú lọ́wọ́ kó dà bí erùpẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, síbẹ̀ oru omi kò yé gòkè láti inú rẹ̀. Ọ̀rá ni oògùn ìyẹn.

Afẹ́fẹ́ ìta ni èkejì, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Àwọn ojú afẹ́fẹ́ kéékèèké onírin tó wà lára ògiri ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n ṣe wọ́n kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ ilé kọjá, kó sì máa gbẹ ibẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ńkọ́? Ẹ gbé ife omi yìnyín sórí tábìlì níta lóṣù Keje kí ẹ wò ó, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi làágùn. Afẹ́fẹ́ Atlanta lásìkò yẹn ru omi débi pé ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 21°C lọ á làágùn bẹ́ẹ̀, páìpù amúlétutù tó gba abẹ́ ilé kọjá sì lè tutù tó 13°C. Ojú tí a là kí igi lè gbẹ ló wá di ojú ọ̀nà tí omi ń gbà dé ara igi.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í dúró síbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gòkè tó ń bá àjà jáde, ti ìsàlẹ̀ á gba ihò páìpù àti ojú ìsopọ̀ pákó wọlé láti dípò rẹ̀. Ohun tó bá ń hù lábẹ́ ilé, irú èyí tó máa ń hù funfun lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, tí wọ́n ń pè ní mold níbí, òun lẹ ń mí sínú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée.

Ọ̀rá lórí ilẹ̀, kí ojú afẹ́fẹ́ wà ní ṣíṣí

Èyí ló wà lábẹ́ ilé tó pọ̀ jù. Ọ̀rá onípọn 6 mil, tí í ṣe nǹkan bí 0.15 mm, ni wọ́n ń tẹ́ sórí ilẹ̀, wọ́n á sì fi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. IRC, ìwé òfin ilé kíkọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé, ní kí ojú afẹ́fẹ́ tó ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin 1 fún gbogbo 150 tí abẹ́ ilé bá fẹ̀. Bí ọ̀rá tó dára bá bo ilẹ̀ tán, ó gbà kó jẹ́ 1 fún 1,500. Ìyẹn nìkan fi hàn pé ọ̀rá ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò wọ́n. Ẹni tí eékún rẹ̀ bá le lè fi ọjọ́ kan àti ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ṣe é fúnra rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan péré ló dí nínú méjì. Lágbègbè tí ìgbà ooru ti gbẹ, bíi Colorado, ó tó. Ní Georgia, kò tó, pàápàá bí páìpù amúlétutù bá wà níbẹ̀.

Kí a dí gbogbo rẹ̀ pa

Encapsulation ni wọ́n ń pe èyí. Ọ̀rá á bo ilẹ̀, á gun ògiri, wọ́n á fi téèpù lẹ gbogbo ojú ìsopọ̀, wọ́n á dí ojú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ síbẹ̀ tí yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́. $5,000 sí $15,000 ni iye tẹ́ ẹ máa sábà gbọ́, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí igi bá ti bàjẹ́ tàbí bí omi bá ń dúró níbẹ̀.

Owó ńlá ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò lójú ayé. Princeville ní North Carolina jẹ́ ìlú tí àwọn èèyàn dúdú tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó, tó sì gba ìwé àṣẹ ìlú ní 1885. Ìjì Floyd fi omi bò ó ní 1999. Nígbà tí wọ́n tún ilé kọ́, àjọ Advanced Energy mú ilé 12 níbẹ̀, wọ́n fi ojú afẹ́fẹ́ àwọn kan sílẹ̀, wọ́n dí ti àwọn yòókù. Abẹ́ ilé tí wọ́n dí gbẹ ju èyí tí wọ́n ṣí lọ nígbà ooru, agbára tí wọ́n fi ń mú ilé tutù àti gbóná sì dín kù tó 15% tàbí jù bẹ́ẹ̀. Fún ilé tó wà níhà Gúúsù yìí, ibi tí ọkàn mi wà nìyẹn: ẹ dí i.

Ọ̀rá wo ni kí ẹ rà?

Ibí ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni jù. Wọ́n á gbé ọ̀rá 20 mil síwájú yín, ó nípọn bí awọ, ó ń dán, wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Kí ẹ mọ̀ pé ti ká dá oru omi dúró, 6 mil tó jẹ́ ojúlówó ń ṣe é. Nínípọn wà fún orí eékún, òkúta ṣóńṣó àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Bí ẹnikẹ́ni kì í bá wọ abẹ́ ilé yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, 10 tàbí 12 mil tí wọ́n fi okùn wẹ́wẹ́ há láàárín kó má baà ya, ó pọ̀ tó. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà níbẹ̀, tí oníṣẹ́ sì ń wọlé lóòrèkóòrè, 16 tàbí 20 tọ́ sí owó rẹ̀. Ẹ ra funfun, nítorí pé dúdú máa ń bo omi àti ojú ọ̀nà ikán mọ́lẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. IRC ní kí ọ̀rá kan gun orí èkejì ní íǹṣì 6, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kó sì gun ògiri ní íǹṣì 6 ó kéré tán. Èmi máa ń ní kí ó jẹ́ íǹṣì 12, torí erùpẹ̀ kì í jẹ́ kí téèpù mú dáadáa. Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ etí òpó búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ilé wa, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é gé ọ̀rá yí òpó ká, ó sì fi í sílẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́. Òpó mẹ́rìnlá, ihò mẹ́rìnlá. Mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, ọ̀rinrin tó ń jáde níbẹ̀ dà bí èémí ẹran. Ọ̀rá 20 mil tí wọ́n lẹ̀ báyẹn kò sàn ju 6 mil tí wọ́n lẹ̀ dáadáa.

Kí wọ́n má sì bo ògiri dókè pátápátá. Íǹṣì 3 gbọ́dọ̀ ṣófo lókè kí ẹni tó ń yẹ ikán wò lè rí ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá ní àdéhùn ikán tí wọ́n ń pè ní termite bond, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi, tàbí atẹ́gùn láti inú amúlétutù?

Òfin gba méjèèjì. Ẹ lè fi dehumidifier tó lè fa páíǹtì 70 lóòjọ́ síbẹ̀ fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin, tàbí kí ẹ la ojú kékeré sára páìpù amúlétutù kí atẹ́gùn tútù máa wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èkejì kò ná yín ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá, tí ẹ kì í tan amúlétutù, òjò kì í dáwọ́ dúró torí yín. Dehumidifier ni mo fara mọ́.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń gbé sí yàrá, tó ní ike tí a ń da omi inú rẹ̀ nù. Ta ni yóò máa fi àyà fà lójoojúmọ́? Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún abẹ́ ilé, tó ní páìpù tí omi ń bá jáde. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà yí bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ kékeré wò padà, láti yàrá 80°F sí 65°F. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 70 páíǹtì tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí 50 báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ni. Bí ẹ bá ń fi àlòkù wé tuntun, ẹ béèrè ọdún rẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dí i

Bí omi òjò bá ń ṣàn wọ abẹ́ ilé, ẹ má tíì ra ọ̀rá kankan. Ẹ tún gọ́tà ṣe kó da omi jìnnà sí ògiri, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìta dà kúrò lára ilé, kó fi íǹṣì 6 lọ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Bí omi ṣì ń wá, pọ́ǹpù ló kàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni òórùn rẹ̀ ti lọ lẹ́yìn iṣẹ́ gọ́tà nìkan, kọ́ńtírátọ̀ tó ń ta ọ̀rá kò sì ní sọ ìyẹn fún yín.

Bí ilé yín bá wà lórí ilẹ̀ tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, kà sí ibi ìkún omi, ihò tí òfin ní kó wà lára ògiri kí ìkún omi lè gbà kọjá kò ṣeé dí. Bí ẹ̀rọ omi gbígbóná tàbí fọ́nìsì (ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná) tó ń jó gáàsì bá wà lábẹ́ ilé, ẹ pe onígáàsì wá kọ́kọ́ wò ó, torí ẹ̀rọ tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó lè dá èéfín olóró padà sínú ilé. Èéfín yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Àwọn ará Fulton, DeKalb, Cobb àti Gwinnett, ẹ fi ti radon kún un. EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, fi kántì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìpele tí gáàsì inú ilẹ̀ yìí ti lè pọ̀ jù. Ẹ dán an wò kí wọ́n tó dí abẹ́ ilé, ẹ tún dán an wò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá tó 4 pCi/L, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon, wọ́n lè ti páìpù kan bọ abẹ́ ọ̀rá náà tí fáànù á máa fi fa gáàsì jáde sókè òrùlé. Ó rọrùn láti ṣe é lọ́jọ́ kan náà ju kí wọ́n padà wá ya ọ̀rá lọ.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí kọ́ńtírátọ̀ ya àwòrán gbogbo igun àti gbogbo òpó fún yín, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, tó ní abẹ́rẹ́ méjì, gún igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin níṣojú yín. Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó 20% kì í rà. Lẹ́yìn náà ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ so ó mọ́ igi kan láàárín abẹ́ ilé. Tiwa fi 84% hàn lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ so ó kọ́. Ní àárọ̀ òní, ó wà ní 52%.