Ilé labalábá onígi tàbí ìkòkò ọsàn wẹ́wẹ́: èwo ló tó owó rẹ̀ ní bákónì?

Ẹni tó bá ń wá nǹkan tí yóò mú labalábá wá sí bákónì rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn yóò rí ohun mẹ́rin lórí àtẹ. Ilé onígi kékeré wà, tó ní ojú tóóró-tóóró níwájú. Àwo oúnjẹ wà, tí a ń fi okùn so kọ́. Àpò irúgbìn òdòdó tí wọ́n kó wá láti òkè òkun wà, òdòdó inú ọ̀rá sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ló tó owó rẹ̀ tán, bí ẹni tó ń rà á bá mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Labalábá kì í wá ilé. Oyin inú òdòdó lè mú kó yà fún ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ewé tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ló ń mú kó dúró kó yé ẹyin. Ewé yẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ.

Ilé onígi náà, ẹ má rà á. Àwọn baba wa ti wí pé labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ; ilé ẹyẹ ni wọ́n wò kàn án. Ní ilẹ̀ olótùútù, àwọn labalábá kan máa ń sá sínú pàlàpálá igi nígbà yìnyín, ibẹ̀ ni èrò náà ti wá. Tiwa kò ní yìnyín tó ń sá fún. Abẹ́ ewé tàbí ara koríko ló ń sùn. Àwọn tó ń wọ inú àpótí náà níhìn-ín ni aláǹtakùn, aáyán àti agbọ́n, agbọ́n ló sì burú jù nínú wọn, nítorí pé kòkòrò ajewé tí yóò di labalábá ló ń gbé lọ bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó gbé àpótí náà kọ́ ti fi owó ara rẹ̀ kọ́lé fún ọ̀tá. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ dà á délẹ̀, ẹ gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí.

Àwo oúnjẹ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a rà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ni wọ́n ní ká máa fi sínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn labalábá kan fẹ́ràn èso jíjẹrà ju oyin òdòdó lọ, ṣùgbọ́n labalábá igbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú èyí tí ẹ ó rí ní igbó Ọmọ̀ tàbí nínú igbó tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dá sí ní Ìbàdàn. Bí ilé yín bá fara kan igi ńláńlá, ẹ lè dán an wò: ẹ tẹ ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí àwo amọ̀, ẹ fi wáyà so ó kọ́, ẹ fi gíríìsì pa wáyà náà kí èèrà má baà gbà á kọjá, kí ẹ sì dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ní àjà kẹrin ní Sùúrùlérè, kantíkantí nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

Àwo tó wúlò ju èyí lọ kò náni ní nǹkan kan. Ẹ wá abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ da yanrìn sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ bu omi sí i títí yanrìn yóò fi rin, kí omi má léfòó lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì bu iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn. Akọ labalábá máa ń bà sórí ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ láti fa iyọ̀ inú rẹ̀ mu. Ẹ máa ṣan yanrìn náà, kí ẹ sì pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, torí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn nínú omi tó dúró láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Lórí àpò irúgbìn, ẹ̀yìn àpò ni kí ẹ kà, ẹ má wo àwòrán iwájú. Bí wọn kò bá kọ orúkọ òdòdó kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá rí Asclepias syriaca, ìyẹn milkweed ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé òtútù ọlọ́rinrin fún bí oṣù kan ni irúgbìn yẹn ń fẹ́ kó tó hù dáadáa; ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi í sí fíríìjì yóò máa bomi rin ilẹ̀ lásán. Buddleja tí wọ́n ń yìn ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ràn ooru ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń ṣe dáadáa níhìn-ín ni zinnia, cosmos àti Tithonia rotundifolia. Zinnia ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rì í bọlẹ̀ bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi bí 25 cm sáàárín ọ̀kan sí èkejì, kí oòrùn sì máa pa á fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Yóò hù láàárín ọjọ́ 4 sí 7, yóò sì tanná ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èyí tó ní ìpele ewé òdòdó kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn. Èyí tó dì gírígírí bí bọ́ọ̀lù dára lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti bo oyin rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu labalábá kò ráàyè débẹ̀. Lásìkò òjò, ohun funfun bí ìyẹ̀fun máa ń bo ewé zinnia. Ìdí ilẹ̀ ni kí ẹ máa bomi sí, ẹ má da omi sórí ewé, ẹ má sì fún wọn mọ́ ara wọn.

Ó kan àwọn olódòdó ẹ̀bá títì wàyí, irú àwọn tó tò sí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ọjà wọn pọ̀, wọ́n mọ ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń gbà kí a ná an. Fún oyin, ẹ ra pentas, ixora àti lantana tí a ń pè ní ẹ̀wọ̀n adélé. Ọ̀fun òdòdó pentas àti ixora gùn, ó sì tóóró, ó bá ẹnu gígùn labalábá ńlá mu. Ní ti lantana, èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá, nítorí náà ẹ máa gé òdòdó tó bá ti rọ kó tó so. Ẹ tu ọ̀rá ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí gbòǹgbò bá ti yí po bí irun dídì, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, yóò sì pẹ́ kó tó gbérí.

Àléébù àwọn olódòdó ni oògùn. Ewé tí kòkòrò kò dá ihò kankan sí lára ló ń tà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn máa ń fín oògùn apakòkòrò sí ọjà wọn. Òdòdó tí a fín lè fa labalábá wá, kí ewé rẹ̀ sì pa ọmọ rẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fín in gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi ṣan ewé náà lókè àti lábẹ́, kí ẹ sì gé àwọn ọ̀mùnú àtijọ́ kúrò kí tuntun lè yọ. Òdòdó tí ewé rẹ̀ ní ihò méjì-mẹ́ta ló yẹ ká fẹ́, bí olódòdó bá tilẹ̀ fẹ́ dín owó rẹ̀ kù nítorí ìyẹn.

Ewé tí ọmọ labalábá ń jẹ la ń wá, òun ló sì gba àlàyé jù. Ọ̀pọ̀ irú labalábá ló ní ewé tirẹ̀ tàbí ìdílé ewé díẹ̀, kì í sì í sábà yé ẹyin sórí òmíràn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Òun àti àwọn ọsàn yòókù ni labalábá dúdú ńlá alámì ìyeyè, Papilio demodocus, ń yé ẹyin sí. Ẹ lè gbin kóró rẹ̀, tàbí kí ẹ ra èyí tí a ti lọ́ lọ́dọ̀ NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 30 cm tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20 tó o. Ẹ lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, ajílẹ̀ jíjẹrà ìwọ̀n kan, yanrìn gbígbọ̀nrọ̀ ìwọ̀n kan ni àpòpọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù méjì ó kéré tán. Ọmọ labalábá yìí dàbí ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tó bá kéré, dúdú pẹ̀lú funfun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbọ̀n ọ́n dànù láìmọ̀. Bó bá dàgbà, ó di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìwo rírọ̀ méjì yóò yọ lẹ́yìn orí rẹ̀ pẹ̀lú òórùn kíkan bí ti ọsàn tó bàjẹ́. Kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ó fi ń lé àwọn ọ̀tá bí èèrà ni. Igi tí kò ga ju orúnkún lọ kò lè bọ́ ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí náà ìkòkò méjì sàn ju ọ̀kan lọ: bí wọ́n bá jẹ ọ̀kan tán, èkejì ti ń rúwé.

Bọmubọmu ni ìkejì, ewé tí àwọn Fúlàní fi oje rẹ̀ ń mú wàrà dì. Labalábá aláwọ̀ ọsàn tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun, Danaus chrysippus, ló ni ín. Oró inú oje náà ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ sára, ìdí nìyí tí ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò kì í fẹ́ jẹ òmíràn. Olódòdó kì í tà á, ó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ àti lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ kékeré ni kí ẹ wú, torí gbòǹgbò àgbà rẹ̀ jìn jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé e, kí oje rẹ̀ má ta sí yín lójú. Ó ń ba ojú jẹ́. Kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí a ń pè ní iná ewé á bo ọ̀mùnú rẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní bò ó. Ìka àti omi ni kí ẹ fi nù ún kúrò. Bí ẹ bá fín oògùn nítorí wọn, ẹ ti pa labalábá pẹ̀lú.

Rérè nínú ìkòkò máa ń mú labalábá aláwọ̀ ìyeyè fífẹ́rẹ́ wá, ó rọrùn, ó sì ń tètè dàgbà. Pápásan, tí ọ̀pọ̀ ń fà tu nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Hypolimnas misippus ń yé ẹyin sí i, abo rẹ̀ sì jọ labalábá bọmubọmu débi pé ẹyẹ ń sá fún un láìjẹ́ pé ó lóró kankan lára. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun ribiti tí àwọ̀ àlùkò yí ká. Ẹ wo méjèèjì pa pọ̀ ní òwúrọ̀ kan, ẹ ó mọ ìdí tí a fi ń gba ti ewé lásán rò báyìí. Ẹni tó bá sì rí ewé ogbe àkùkọ, kó so ìdì kan tó ti rọ kọ́ sí ara irin bákónì: akọ Danaus máa ń wá fa ohun kan lára ewé gbígbẹ rẹ̀, tó fi ń ṣe òórùn tí yóò fi fa abo mọ́ra.

Bí ẹ bá ti gbin gbogbo èyí tí labalábá kò sì wá, ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Oògùn ẹ̀fọn ni àkọ́kọ́. Dichlorvos àti èyíkéyìí tí ẹ bá fín sí yàrá tó ṣí sí bákónì yóò dé ara ewé. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni kí ẹ fi dípò rẹ̀. Atẹ́gùn ni ìkejì: ní àjà òkè, labalábá kò lè bà sórí òdòdó tó ń jì. Ẹ kó ìkòkò jọ sí igun ògiri, ẹ fi èyí tó ga síwájú, kí òdòdó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20 tó kún fún ilẹ̀ tútù lè wúwo tó 30 kìlógíráàmù. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló yẹ ẹ́, kì í ṣe etí bákónì. Èèrà ni ìkẹta. Ẹ gbé ìkòkò lé orí agolo mẹ́ta tó dúró nínú omi ọlọ́ṣẹ, kí ewé kankan má sì fara kan ògiri, torí afárá kan ṣoṣo tó èèrà.

 

Nígbà ọyẹ́, labalábá máa ń dínkù. Ẹ máa bomi rin ewé láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà wọ́. Oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀, ló dára jù láti gbin ọsàn wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tó bá ti yọ ọ̀mùnú tuntun, ẹ máa wo ara ọ̀mùnú náà lójoojúmọ́: ẹyin rẹ̀ rí ribiti, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè fífẹ́rẹ́, kò tóbi ju orí píìnì lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá nínú òjò láìsí ẹyin, ẹ gbé ìkòkò náà lọ sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ dé.