Ẹ ṣọ́ra fún oògùn irun tí wọ́n ń tà fún àwa tó ń ṣe dialysis

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí pé kíndìnrín ò ṣiṣẹ́ mọ́, àti ẹ̀yin tí èèyàn yín ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó oògùn irun fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tó máa ń wọ inú ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn kíndìnrín lórí WhatsApp, Telegram àti Facebook bí ẹni pé àwọn náà ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í tajà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á máa kí èèyàn, wọ́n á máa ṣe àmín sí àdúrà, wọ́n á máa béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ṣe é lánàá. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé irun òun ń re, pé òun ti ń rí awọ orí òun nínú dígí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á bá a ní kọ̀rọ̀: “Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo lò nìyí.” Fọ́tò á tẹ̀ lé e: orí tó ti ń pá lápá òsì, irun tó kún lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn fọ́tò, nọ́ńbà àkáǹtì.

Èmi náà wà lórí ẹ̀rọ, irun tèmi náà re, nítorí náà mi ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wá irun. Èèyàn tó ti ń ru ẹrù tó tó báyìí, kó tún máa ṣa irun lórí ìrọ̀rí láràárọ̀, kò dùn. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé kò dùn.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn múlẹ̀ ni pé ó fara ti òtítọ́ kan tí ẹni tó ń tà mọ̀, tí ẹni tó ń rà kò mọ̀. Irun orí gbogbo èèyàn ló ń re. 50 sí 100 okùn irun lóòjọ́ kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyà ńlá kan bá jẹ ara, irú bí àìsàn líle, iṣẹ́ abẹ, tàbí kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ irun á dáwọ́ híhù dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í re lọ́jọ́ náà o. Ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó máa jábọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì á fi bẹ̀rẹ̀ dialysis, ara rẹ̀ á ti máa fúyẹ́, oúnjẹ á ti máa lọ lẹ́nu rẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni irun á wá máa bá kóòmù jáde ní ìdì-ìdì. Á ní ẹ̀rọ ló ń jẹ òun nírun. Ìdí irun náà kò sì kú. Bí ara bá ti rọlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á tún máa hù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àmọ́ nítorí pé irun kì í gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lóṣù, á pẹ́ kí ojú tó rí i.

Ẹ wá gbọ́ ìlànà tí wọ́n máa ń fún oníbàárà: “Lò ó fún oṣù mẹ́fà gbáko, má fo ọjọ́ kankan.” Oṣù mẹ́fà yẹn ni orí fúnra rẹ̀ nílò! Bí irun bá hù, oògùn ló hù ú. Bí kò bá hù, ìwọ lo fo ọjọ́. Ẹni tó jẹ́rìí pé òun lò ó tí irun òun sì padà lè má purọ́ rárá, torí irun rẹ̀ padà lóòótọ́. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló tún léwu jù, nítorí ẹnu olóòótọ́ ló ti jáde.

Ti fọ́tò, ẹ máa wo etí. Nínú ọ̀kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, etí tó wà nínú fọ́tò apá òsì ní ihò yẹtí méjì, ti apá ọ̀tún kò ní ẹyọ kan. Mo gbé fọ́tò náà sínú Google pé kó bá mi wá a, ó sì gbé mi lọ sórí ìpolówó àwọn tó ń fi iṣẹ́ abẹ gbin irun.

Mo bi ọkùnrin tó fi í ránṣẹ́ pé kí ló wà nínú oògùn náà. Ó ní ewé àti egbò ni, kò sí kẹ́míkà. Mo ní kó jọ̀ọ́ ya ẹ̀yìn ike fún mi, ibi tí wọ́n kọ èròjà sí. Ó ya iwájú. Mo tún béèrè, ó ya iwájú láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yá tó wá ya ẹ̀yìn, àtàǹpàkò rẹ̀ bo ìdajì. Mo rí fítámínì A, mo rí biotin (oríṣi fítámínì B kan) 10,000 mcg, ìyẹn máíkírógíráàmù, mo sì rí orúkọ ewé mélòó kan tí wọ́n kó pa pọ̀ láìsọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo bi í pé mélòó ni fítámínì A náà. Èsì rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú, mo máa gé e wálẹ̀ fún yín.”

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀yìn ike yẹn, torí ewu tó wà níbẹ̀ ju ti owó lọ. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ló máa ń lé ohun tó bá pọ̀ jù kúrò lára. Ọ̀pọ̀ wa kì í lò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ lórí ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ni ẹ̀rọ lè fọ̀ jáde. Fítámínì A wà lára ohun tí kò lè fọ̀. Ó máa ń kó jọ sára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, tó bá sì pọ̀ jù, lára ohun tó ń fà ni kí awọ ara gbẹ, kí irun náà gbẹ, kó sì máa re. Oògùn tí wọ́n ní kó dá irun padà ni yóò tún máa já a! Ìdí nìyẹn tí fítámínì tí dókítà ń kọ fún àwa tó wà lórí ẹ̀rọ fi máa ń jẹ́ oríṣi B àti C, tí wọn kì í fi A sí i.

Selenium, èròjà kan tí wọ́n tún máa ń fi sínú oògùn irun, òun náà ń kọ́? Ara nílò rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, irun á re, èékánná á bàjẹ́. Ní 2008, ní Amẹ́ríkà, bí 200 èèyàn ni oògùn afúnnilókun olómi kan sọ di aláìsàn, torí selenium inú rẹ̀ tó ìlọ́po 200 iye tí wọ́n kọ sára ike. Irun ọ̀pọ̀ wọn re. Nítorí náà, kódà ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ike hàn yín láìfi àtàǹpàkò bò ó, ohun tó kọ síbẹ̀ lè má jẹ́ ohun tó rọ sínú rẹ̀.

Biotin ni wọ́n fẹ́ràn jù. Iye tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kò ju bíi 30 mcg lọ. Kò sí ẹ̀rí gidi pé ó ń hu irun fún ẹni tí biotin ara rẹ̀ pé. Ohun tó dájú ni pé ó máa ń da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú ní ọ̀pọ̀ láàbù. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017: ẹnì kan tó ń lo biotin púpọ̀ ti kú lẹ́yìn tí àyẹ̀wò troponin, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ṣe ọkàn, gbé iye tó kéré ju òótọ́ lọ jáde. PTH, hómóònù kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò lára wa nítorí eegun, òun náà lè jáde ní irọ́, dókítà á sì máa fi irọ́ yẹn díwọ̀n oògùn fún wa. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ á tètè tọ biotin dànù. Tiwa kì í tètè kúrò lára.

Mi ò ní ohun búburú láti sọ sí ewé. Ṣùgbọ́n potassium wà nínú ewé púpọ̀, potassium tó bá sì ga nínú ẹ̀jẹ̀ lè dá ọkàn dúró láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ lúbúlúbú lè ní phosphorus, tí kíndìnrín wa ò lè lé jáde mọ́, omi tí wọ́n sì ní ká fi pò ó gan-an wà lára omi tí wọ́n ti díwọ̀n fún wa. Ti òróró tí wọ́n ń fi pa orí, bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yani lẹ́nu, minoxidil lè wà nínú rẹ̀ tí wọn ò kọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil kó tó di oògùn irun. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti máa ń já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ máa fi pa orí láìjẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Wọ́n á tún ní FDA ti buwọ́ lu ọjà àwọn. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 kò ní kí irú oògùn afúnnilókun báyìí gba ìbuwọ́lù FDA kó tó dé ọjà, FDA kì í sì í fún un. Ẹni tó bá sọ pé òun gbà á, irọ́ ló ń pa, ẹ má bá a jiyàn.

Ti owó kò gùn. Àwọn kan á ní ọ̀fẹ́ ni ike àkọ́kọ́, kí ẹ kàn san owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú káàdì báńkì; láti ìgbà náà ni wọ́n á máa gé owó lóṣooṣù. Àwọn mìíràn á ní àwọn á dá owó padà bí kò bá ṣiṣẹ́, àmọ́ ike ò gbọdọ̀ tíì ṣí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ láìṣí i?

Èyí tó bí mi nínú jù ni àwọn tó ń sọ fún aláìsàn pé kó kọ heparin. Òótọ́ ni pé heparin lè mú kí irun re, òótọ́ yẹn ni wọ́n sì ń fi múni. Ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rọ́bà ẹ̀rọ. Dókítà lè dín in kù tàbí kó yí i padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì tìtorí irun pa ọjọ́ dialysis jẹ.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan adìẹ.

Bí irun bá ń re ju oṣù mẹ́fà lọ, ohun kan lè wà tó ń fà á tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo irin inú ẹ̀jẹ̀, zinc, ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, àti albumin, ìyẹn purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì yẹ oògùn tí ẹ ń lò wò, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà máa ń fà á. Ẹ má lọ ra zinc fúnra yín. Tó bá pọ̀ jù, á mú kí copper wọ́n lára, àìtó ẹ̀jẹ̀ á tún wá dé bá yín. Purotéènì ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ dialysis, wọ́n ní ká dín in kù. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, òfin yẹn yí padà, torí ẹ̀rọ máa ń fọ èròjà purotéènì lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń pa òfin àtijọ́ mọ́ torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá lábàá fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ni gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó bá wọn 60 kg, 60 sí 72 gíráàmù nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ ní ibi tí ẹ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bí ẹ ṣe máa rí i láìkó phosphorus wọlé.

Irun tó gbẹ táútáú, ìyẹn yàtọ̀. Àìsàn kíndìnrín máa ń dín òróró àti òógùn tí awọ ara ń mú jáde kù, nítorí náà àtìta la ti gbọ́dọ̀ fún irun ní ohun tó ń wá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe gbígbóná. Ọṣẹ irun tí kò le, tí òórùn rẹ̀ ò pọ̀, kí ẹ má sì máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kọndíṣọ́nà tí ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí. Òróró díẹ̀ sí ṣóńṣó irun nígbà tó ṣì tutù. Kóòmù tó ya eyín ni kẹ́ ẹ lò, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iná, ríláásà, àti dídì tó le, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹni tí rọ́bà dialysis bá wà lọ́rùn rẹ̀, kó fi orí sẹ́yìn sórí báásíà kí ẹlòmíì bá a fọ̀ ọ́. Omi ò gbọ́dọ̀ kan báńdéèjì yẹn, bó bá kàn án, kí nọ́ọ̀sì gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ dá a dúró, ẹ má ju ike náà nù, ẹ gbé e dání lọ́jọ́ dialysis tó ń bọ̀. Tí biotin bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ káàdì lẹ fi sanwó, ẹ pe báńkì yín lónìí kí wọ́n dí i, kí oṣù tuntun tó wọlé.