Áyọ́ọ̀nù sódà wo ni kẹ́ ẹ rà, lẹ́ẹ̀dì wo sì ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fọwọ́ ara yín lẹ wáyà rédíò àti cháájà, kẹ́ ẹ tó gba Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ rajà, ẹ gbọ́ o. Áyọ́ọ̀nù ni irin gbígbóná tá a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì sì ni wáyà rírọ̀ tó ń yọ́ tó ń lẹ nǹkan pọ̀. Oríṣi áyọ́ọ̀nù méjì ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ: èyí tó jẹ́ pé ẹ kàn máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, àti èyí tó ní nọ́bù lára ìdìmú tẹ́ ẹ lè fi yí ooru ẹ̀ láti 200 dé 450 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Olówó pọ́ọ́kú ni ti àkọ́kọ́, òun lèmi náà kọ́kọ́ rà. Wàhálà ẹ̀ ni pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, á máa gbóná lọ ni. Lọ́jọ́ kan mo gbé e kalẹ̀ kí n lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan, ọ̀rọ̀ dọ̀rọ̀, ìgbà tí mo fi dé ẹnu ẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, lẹ́ẹ̀dì wá ń yọ̀ dànù lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ́, àfi bí bàbà pẹlẹbẹ tó wà lára bọ́ọ̀dù ṣe ṣí kúrò, rédíò bàbá onílé wa ló sì jẹ́.

Onínọ́bù ò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi sí bíi 330. Ibi kan ṣoṣo tí olówó pọ́ọ́kú ti dáa jù ú ni pé tẹ́nu ẹ̀ bá jẹ́ bàbà lásán ẹ lè fi fáìlì rẹ́ ẹ; ti onínọ́bù, irin ni wọ́n fi bo bàbà ẹ̀, tí fáìlì bá ti há a báyìí, lẹ́ẹ̀dì á jẹ bàbà inú ẹ̀ tán. Fóòmù tútù ni kẹ́ ẹ fi máa nù ún.

Wọ́ọ̀tì ńkọ́? 60 ni kẹ́ ẹ mú, ẹ ṣáà mọ irú iná tiwa. Tí wọ́n bá gbé háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá, tó jẹ́ 160 fóòtì ló ń wọlé dípò 220, áyọ́ọ̀nù lásán tó jẹ́ 60 wọ́ọ̀tì ò ní lágbára ju bíi 32 lọ, ká má tíì sọ ti 30. Eléyìí tó ní àpótí lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń darí ooru ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ àdúgbò Under G tó ń tún fóònù ṣe látàárọ̀ dalẹ́.

Lẹ́ẹ̀dì gan-an lọ̀pọ̀ ti ń fowó ṣòfò. 63/37 ni mo fara mọ́, ìyẹn tíìnì 63, òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún: 183 ló ti ń yọ́, ibẹ̀ náà ló ti ń dì. 60/40 máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná láti 183 sí bíi 190, tọ́wọ́ yín bá gbọ̀n nígbà yẹn, ojú ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ á ṣú, kò ní dán, á sì padà já. Èyí tí ò ní òjé nínú, bó ṣe wọ́pọ̀, 217 sókè ló ń fẹ́, ìyẹn le fẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ májèlé ni òjé o, ẹ má feyín gé e, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Èyí tí wọ́n ń gé tà láìní páálí, ẹ ní kí wọ́n yọ́ díẹ̀ lójú yín; tó bá ń ṣù bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹ dá owó yín padà sápò.

Áásíìdì táwọn tó ń lẹ páànù ń lò, kó má kan bọ́ọ̀dù rárá, á jẹ ẹ́.

Áyọ́ọ̀nù mi àtijọ́ ṣì wà nílé, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń dá lu.