Ọkọ̀ háyà fún ìsinmi ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti ti Èkó, Ìbàdàn tàbí òkè òkun wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń fi ọkọ̀ háyà lóòjọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí: tí a bá gbé ọkọ̀ náà kúrò ní Kútọnu, èló ni? Owó méjì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà níbí máa ń ní. Ọ̀kan wà fún ìgboro Kútọnu, èkejì wà fún ìrìn àjò kúrò nílùú, èyí tí wọ́n ń kọ sí «hors ville» nínú ìwé wọn. Ti ìgboro ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ̀ ń bọ̀ kò sí nígboro Kútọnu. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó sún mọ́ ọn jù tó kìlómítà 30 sí i. Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu lé ní 100. Láti Kútọnu sí Ṣábẹ ń lọ sí 250. Àwọn kan ka Àjàṣẹ́ mọ́ ìgboro, àwọn kan kò kà á mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, tí ìsinmi bá sì ti ń súnmọ́lé ni àwọn ẹbí máa ń pè pé kí n bá àwọn wá ọkọ̀. Ètò mẹ́ta ni mo máa ń fi wé ara wọn fún wọn: ọkọ̀ nìkan, ọkọ̀ pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì tó gbòòrò, àti ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀.

Ọkọ̀ nìkan

Èyí ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù lójú ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ ó wà á, ẹ̀yin ni ẹ ó ra epo. Ìnṣọ́ránsì tí òfin fi dandan lé ló wà lórí rẹ̀: ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ni ìyẹn ń san, kò kan ọkọ̀ tí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Tí ọkọ̀ náà bá fara gbá, àpò yín ló máa gbà á.

Owó ìdógò, tí wọ́n ń pè ní «caution», ni ohun kejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi ọkọ̀ háyà fún àwọn tó bá bàlúù wá sábà máa ń fẹ́ káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ ẹni tó máa wakọ̀ lára. Wọ́n á di owó náà mọ́lẹ̀ lórí káàdì títí ẹ ó fi dá ọkọ̀ padà. Ẹ má fọkàn tán káàdì náírà lásán níbẹ̀. Àwọn kéékèèké ń gba owó lọ́wọ́ tàbí MoMo (owó orí fóònù), ó sì rọrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba risíìtì tó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá owó ìdógò yín padà.

Kìlómítà ló ń ba ètò yìí jẹ́ fún ẹni tó ń lọ jìnnà. Ká ní wọ́n fún yín ní kìlómítà 150 lójúmọ́, tí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá lé sì jẹ́ 150 sẹ́fà (CFA, owó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀). Ẹ lọ sí Ṣábẹ, ẹ sùn, ẹ padà lọ́jọ́ kejì: 500 lẹ rìn, 300 lẹ ní ẹ̀tọ́ sí. Ó ku 200 tí ẹ máa san 30,000 sẹ́fà lé lórí. Ètò tí kò ní gbèdéke kìlómítà, kódà kó fi 10,000 wọ́n ju èyí lọ lóòjọ́, ti dín lówó ju èyí lọ nìyẹn. Ẹni tí kò ní kọjá Kútọnu sí Àjàṣẹ́ kò nílò ìṣirò yìí, ètò yìí tó o.

Ọkọ̀ pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì tó gbòòrò

«Tous risques» ni ẹ máa rí níwájú ìwé, àwọn ènìyàn á sì rò pé kò sóhun tó lè ṣẹlẹ̀ mọ́ tí wọ́n á fi ná kọ́bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye kan wà tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ fi ara yín san kí ìnṣọ́ránsì tó dá sí i. «Franchise» ni wọ́n ń kọ. Ká ní franchise jẹ́ 500,000 sẹ́fà. Tí àtúnṣe bá ná 350,000, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀. Tó bá ná 800,000, ẹ̀yin á san 500,000, ìnṣọ́ránsì á san ìyókù. Nítorí náà, tí ẹ bá ń fi ilé-iṣẹ́ méjì wéra, owó ojúmọ́ nìkan kò tó ẹ wò. Ẹ kọ franchise wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn kan máa ń ta àfikún tó ń dín franchise kù tàbí tó ń mú un kúrò pátápátá. Fún ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ wakọ̀ dé Ṣábẹ, mo gbà pé owó yẹn tọ́ sí sísan.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀. Táyà, gíláàsì àti abẹ́ ọkọ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni ọ̀nà ilẹ̀ pupa ń bà jẹ́. Títì ọ̀dà ni ọ̀nà tó gba Sàkété àti Pobè dé Kétu, títì ọ̀dà náà ni èyí tó gba Bohicon, Dàsà àti Glazoué dé Ṣábẹ. Ọkọ̀ kékeré tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tó dára tó fún méjèèjì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yà sí abúlé, pàápàá nígbà òjò láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ni ọkọ̀ gíga wúlò. Ẹ má sanwó ọkọ̀ gíga nítorí fọ́tò.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ló ń mú kí ìnṣọ́ránsì sanwó. Ẹ má bá onímáṣíìnì tàbí onítakisí parí rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ẹ sì máa lọ. Police Républicaine ni kí ẹ pè, kí ẹ sì fi tó ẹni tó ni ọkọ̀ létí lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀

Èyí ni mo máa ń yàn fún àwọn ènìyàn mi, pàápàá tí àgbàlagbà bá wà láàárín wọn. Ẹ wo Kútọnu nìkan: àwọn zém, ìyẹn ọ̀kadà, ń ti ọ̀tún ti òsì kọjá, ẹni tó sì ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó ti mọ́ lára láti máa wakọ̀ lápá òsì, kò yẹ kó wá fi ìsinmi rẹ̀ kọ́ apá ọ̀tún láàárín wọn. Awakọ̀ ló ń bá ọlọ́pàá sọ Faransé. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tòun náà ló ń wà, ewu owó ìdógò ńlá kì í sábà sí, nítorí kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́ kí ẹ sì kà á sókè: «À la charge du client: carburant, péage, repas et hébergement du chauffeur.» Bí ó bá wà níbẹ̀, epo, owó ojú ọ̀nà bíi ti Ekpè láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, oúnjẹ awakọ̀ àti ibi tó máa sùn, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo rẹ̀. Kò burú, tí ẹ bá ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n dá iye kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan kó má di àríyànjiyàn ní Ṣábẹ lágogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ń lọ sí Kétu nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé, gbọ́dọ̀ ronú sí èyí. Alẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jẹ́ ti òru, ń jáde, ó sì lè wọ ìdájí. Ètò tí wákàtí awakọ̀ rẹ̀ parí ní ìrọ̀lẹ́ máa já yín kulẹ̀ lóru tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé òru ni, ẹ san owó òru, kí awakọ̀ náà sì sùn lọ́sàn-án. Mi ò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni padà sí Àjàṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Ẹ sùn ní Kétu, kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ní ìmọ́lẹ̀.

Ẹ bèèrè fún awakọ̀ tó gbọ́ Nàgó, ẹni tó ti Pobè, Kétu tàbí Ṣábẹ wá bí ó bá ṣeé ṣe. Irú wọn mọ ẹni tí wọ́n á kí kí ẹ tó wọ ààfin, wọ́n sì mọ ibi tí ojú ti ń rí àwọn òkè Ṣábẹ dáadáa láti ojú títì.

Kí ẹ wa ọkọ̀ tiyín láti Èkó

Ó ṣeé ṣe. Ẹ nílò ìwé ọkọ̀, ìwé ìwakọ̀, laissez-passer (ìwé àṣẹ ìwọlé ọkọ̀) ti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, àti káàdì àwọ̀ ilẹ̀ («Brown Card») ti ECOWAS, ìnṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982. Ìdílé tó máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè jèrè níbẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, wàhálà bọ́dà Sèmè á jẹ àkókò yín.

Ṣé kí ẹ háyà ọkọ̀ fún gbogbo ọjọ́?

Tó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ nìkan lẹ ń bọ̀, rárá. Ilé ọba Honmè, mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Bràsíìlì) kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà lọ́hùn-ún, ọjà: zém tàbí ẹsẹ̀ tó wọn. Ẹ mú ọkọ̀ àti awakọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ máa jáde nìkan.

Ẹni tó ń fi yúrò sanwó, ẹ rántí pé yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí padà. Tí ilé-iṣẹ́ bá fi iye mìíràn ṣírò rẹ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa gba ọkọ̀, ojúmọmọ ni kó jẹ́. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ yípo, ẹ ya ibi tí epo dé àti òǹkà kìlómítà. Ẹ ṣí bọ́ọ̀tù: sípíà táyà tó léfẹ́, jáàkì, igun mẹ́ta pupa, ẹ̀rọ panápaná. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì àti «visite technique», ìwé àyẹ̀wò ìlera ọkọ̀. Iléepo ni kí ẹ ti ra epo, kì í ṣe kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò, kí ẹ sì tọ́jú risíìtì. Tí ẹ bá sì ń dá a padà, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún olùṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú ẹni tó ni ín, kó fọwọ́ sí ìwé pé ó pé, kó sì dá owó ìdógò yín padà níbẹ̀ tàbí kó kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.