Mo pe gádínà kí wọ́n gé igi òdòdó kúrò lára faranda onípákó wa ní Sùúrùlérè

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó owó tí mo san, ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kíkó ìdọ̀tí ló bà á jẹ́ díẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí n dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní faranda onípákó l'Ékòó, tí igi òdòdó sì ti fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, kó fara balẹ̀ ka èyí kó tó pe gádínà.

Ẹ̀yìnkùlé ni faranda tiwa wà. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó sì ga kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ayálégbé tó kó jáde kò fọwọ́ kan igi kankan ní gbogbo àsìkò tó fi wà níbẹ̀. Bougainvillea ti wọ́ wọ inú faranda, hibiscus fẹ̀yìn ti pákó, ixora ti di ògiri, pèrègún tó wà ní igun ilé sì ti ń yọjú ní fèrèsé òkè. Ẹni tó bá ní kóun jókòó gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́, ẹ̀gún ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, kí ẹ̀fọn tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ mi ní ká pe ọmọkùnrin tó máa ń fi àdá ro ojúde, kó ṣá gbogbo rẹ̀ balẹ̀, ká sinmi. Mo ní rárá o.

Gádínà kan kọ́kọ́ wá, ẹ̀rọ elépo ló gbé lọ́wọ́, ₦25,000 ló pè é. Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé kejì sí tiwa. Bí onígbàjámọ̀ ṣe ń gé orí ló ṣe ń gé igi: ìta a tẹ́jú, a dán, ṣùgbọ́n ẹ la ewé yẹn sọ́tùn-ún sósì, igi gbígbẹ lásán lẹ máa bá nínú. Gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ti gé ló máa ń rú ẹ̀ka tuntun, ìta a wá ki, oòrùn ò ní ráyè wọnú mọ́. Èyí tí mo wá gbé iṣẹ́ fún pe ₦60,000. A ná an títí ó fi gbà ₦45,000. Aago mẹ́jọ ló ní òun máa dé, ó kọjá aago mọ́kànlá kí n tó rí i. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni, ẹ ti mọ orin yẹn.

Nígbà tó dé, kò mú sísọ́ọ̀sì jáde. Tọ́ọ̀ṣì ló mú, ó rá wọ abẹ́ faranda. Nígbà tó yọjú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Ẹ̀ka hibiscus kan fara ti etí pákó, ikán sì ti fi amọ̀ mọ ọ̀nà sí ara ẹ̀ka náà, tínínrín, láti ilẹ̀ títí dé ibi tó ti kan pákó. Kọnkéré ni òpó faranda dúró lé, wọ́n sì ti fi solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi, kun òpó náà. Ikán kò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Ẹ̀ka ni wọ́n bá gòkè. Ó fi igi fọ́ amọ̀ yẹn, àwọn ikán funfun ń sá kíjokíjo. Ó wá fi ẹnu ìṣó tẹ pákó tó wà níbẹ̀, ìṣó wọlé láìsí òòlù.

Ó ní kì í ṣe ikán nìkan. Níbi tí ewé bá ti bo pákó, tí oòrùn àti atẹ́gùn kò dé ibẹ̀, omi òjò kì í gbẹ, pákó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òjò Èkó láti oṣù kẹrin dé ìkeje, ta ló ń dúró de kó gbẹ?

Ibi tí owó mi ti jẹ́ owó gan-an nìyí. Kò fi ẹ̀rọ gé ohunkóhun. Ó di ẹ̀ka mú, ó tọ̀ ọ́ wọnú, ó wo ojú ibi tí ewé tuntun yóò ti rú. Tí ojú náà bá kọjú sí faranda, kò ní gé e níbẹ̀, á sún dé ojú tó kọjú sí fẹ́ńsì, á wá gé e díẹ̀ sókè rẹ̀. Ibi tí ojú bá kọ sí ni ẹ̀ka tuntun máa gbà. Èyí tó ti gbẹ, ó fi ayùn rẹ́ ẹ nídìí. Nígbà tó parí, àlàfo tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ wà láàárín igi àti pákó, ènìyàn lè wọ ibẹ̀ gbálẹ̀.

Mo fẹ́ kó gé ixora wálẹ̀ dé orókún. Ó kọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta lóun lè gé lẹ́ẹ̀kan, pé tó bá gbẹ èmi náà ni máa bínú sí òun. Bougainvillea ní tirẹ̀, ó gé e dáadáa láìbẹ̀rù, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ló ti máa ń tanná. (Èyí aláwọ̀ pupa tí gbogbo wa ń yìn yẹn, ewé ni, òdòdó gan-an ni funfun kékeré àárín rẹ̀.) Mo tún ní kó bá mi gé igi fúrúùtù ńlá tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì lulẹ̀. Ó ní igi tó tó yẹn, àfi kí n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí igi àti ọgbà. Gádínà mélòó ló máa kọ owó nítorí ìyẹn?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Iṣẹ́ parí, òkìtì ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún ga lẹ́nu géètì, ó wá ní kíkó rẹ̀ kò sí nínú owó tí a jọ sọ, kí n mú ₦15,000 wá. Nígbà tí a ń nájà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ dáná sun ún sẹ́yìn ilé, nígbà tí aṣọ aládùúgbò wà lórí okùn! Mo lé e. Àwọn akólẹ̀ àdúgbò ò fọwọ́ kan ẹ̀gún. Òkìtì náà wà níbẹ̀ kọjá òpin ọ̀sẹ̀, ó gún táyà mọ́tò ọkọ mi, kí a tó parí rẹ̀ sí ₦8,000. Inú ń bí mi dòní.

Káfíńtà ti fi pákó apá pààrọ̀ èyí tó jẹrà. Òjò ti rọ̀ lé e lórí, kí ọ̀sán tó pọ́n pákó ti gbẹ. Ẹ̀ka tuntun ń yọ, fẹ́ńsì ni púpọ̀ nínú wọn kọjú sí, àyàfi hibiscus kan tó ń ṣe agídí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá tún pè wọ́n lóṣù kẹwàá nítorí pèrègún àti ìyókù ixora, ṣùgbọ́n lórí WhatsApp la ó ti kọ owó ìkólẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ewé.