Rédíò kékeré tí mo rà fún Màámi ní Ògùnpa

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ra rédíò yìí ní Ògùnpa, ₦14,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ó ń gbé FM, ó níbi tí wọ́n ń ki mẹ́mórì sí, tọ́ọ̀ṣì náà wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ torí orin lẹ ṣe fẹ́ rà á ẹ fi sílẹ̀ jàre, kò ní béèsì rárá, ìlù fújì kàn ń dún bí agolo ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ohùn èèyàn báyìí, ó já gaara!

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni pé mo ki ọ̀rọ̀ Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, sínú mẹ́mórì ẹ̀, èyí tó sọ lórí rédíò lálẹ́ Sunday, ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1933. Ọrọ̀ ajé wọn ti dojú dé nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá rí òṣìṣẹ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan nínú wọn ni ò níṣẹ́, gbogbo èèyàn ń sáré lọ kówó wọn ní báńkì títí báńkì fi ń wó lórí ara wọn. Òun náà ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lórí oyè, ó sì ti ní kí gbogbo báńkì tilẹ̀kùn. Kò pariwo o, ó kàn ń ṣàlàyé pé báńkì kì í tọ́jú owó yín sínú àpótí, wọ́n ń yá a jáde ni. Màámi ń tajà l'Ọ́jàọba, bí mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn ni wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní ṣebí bíi ti alájọ náà ni, tí gbogbo wa bá lọ gbowó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ó yé wọn kíá!

Roosevelt ní owó láàbò ní báńkì tó bá ti ṣí padà ju abẹ́ ibùsùn lọ, nígbà tí báńkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn tò láti dá owó padà. Òfin lórí ọ̀rọ̀ báńkì yìí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù kẹta yẹn kó tó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló wù mí jù, kò fẹnu lásán tù wọ́n nínú. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pe rédíò, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fèsì, lẹ́tà rọ́ wọ White House bí òjò.

Bátìrì ẹ̀ ń lò tó wákàtí mẹ́fà tí ò bá síná, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí ti ń mì, inú mi ò dùn sí ìyẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà ń hó ṣùùù, ẹni tó tà á pààrọ̀ ẹ̀ láìjà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kó yí i síbi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn kẹ́ ẹ tó sanwó.